Ọgbọ́n Ẹni Tí Odù Dojú Kọ

Bí ènìyàn bá rìn kiri nínú àwọn ìlú Ìbàràpá méjèèje, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, láti Láńlátẹ̀ dé Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn, kò ní pẹ́ kí ó tó rí ibi tí ọkùnrin méjì gbé jókòó kojú ara wọn, tí ọpọ́n ayò wà láàárín wọn, tí àwọn òǹwòran sì rọ̀gbà yí wọn ká. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni ilẹ̀ Ìbàràpá. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí wà lára ohun tí a fi mọ̀ wọ́n. Ẹni tí oòrùn ti pa lóko láti àárọ̀, ìsinmi ni à bá sọ pé ó yẹ kí ó wá. Ṣùgbọ́n ogun ni ó tún jókòó tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kì í ta sílẹ̀ nínú ogun náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni a ti ń fi ogun ṣeré. Ní 1957, eré kan tí Albert Lamorisse, ará Faransé kan tí ó ń ṣe sinimá, ronú kàn jáde ní ìlú rẹ̀. Risk ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí lẹ́yìn náà. Nínú òmíràn tí wọ́n ń pè ní Axis & Allies, Ogun Àgbáyé Kejì ti 1939 sí 1945 gan-an ni àwọn òṣèré ń tún jà lórí àwòrán ilẹ̀ ayé, tí oníkálukú sì ń wá ọgbọ́n tí ó bá ìhà tirẹ̀ mu. Eré tí ó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú wọn tí kò sí nínú ayò: nínú àwọn méjèèjì, a máa ń ju ọmọ onígun mẹ́rin bíi ti lúdò kí a tó mọ ẹni tí ó ṣẹ́gun. Oríire lè gba òmùgọ̀ là níbẹ̀. Lójú ọpọ́n ayò, gbogbo ohun tí ọ̀tá ní ni ojú ń rí, kò sì sí ohun tí a ń jù sílẹ̀ tí yóò ṣe ojú rere sí ọ̀pè.

Ilé 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, 6 níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ 4 ni a ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ 48. Kí ohun tí a fẹ́ sọ lè yé akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a ka ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì rẹ̀, láti ìkíní dé ìkẹfà. Ọwọ́ ọ̀tún ni à ń ta sí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ilé kẹfà wa ni ọmọ ti ń kọjá sí ilé kìíní ti ọ̀tá. Bí ọmọ tí a ta kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ọ̀tá, tí ó sì sọ ọmọ ibẹ̀ di 2 tàbí 3, a ó jẹ wọ́n. Bí ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kọjá kí a tó dé ibẹ̀ náà bá ti di 2 tàbí 3, a ó jẹ èyí náà, a ó sì máa padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí a ó fi kan ilé tí iye rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ọmọ 25 ti borí. Bí ó bá jẹ́ 24 sí 24, ọ̀mì ni.

Ohun tí ó ń ba ọ̀pè lẹ́rù jù ni odù. Odù ni ilé tí ènìyàn kó ọmọ púpọ̀ jọ sí láìta á, títí yóò fi lè yí ọpọ́n ká tán kí ó sì tún wọ ilé ọ̀tá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí odù bá ń yí ọpọ́n ká, a máa ń fo ilé tí a ti kó o. Nítorí náà, odù ọmọ 16 tí ó wà ní ilé kẹfà yóò fi ọmọ 11 yí gbogbo ilé yòókù ká, yóò sì fi 5 tí ó kù wọ ilé kìíní dé ìkarùn-ún ti ọ̀tá. Ilé tí ó ṣófo pàápàá kò bọ́ nínú ewu rẹ̀, nítorí yóò gba ọmọ 2 kí ó tó parí.

Báwo ni ẹni tí irú èyí dojú kọ yóò ti ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a fi Lágbájá àti Tàmẹ̀dù ṣe àpẹẹrẹ. Lágbájá ti jẹ ọmọ 14, Tàmẹ̀dù ti jẹ 9. Lágbájá ní odù ọmọ 16 nínú ilé kẹfà rẹ̀, ọmọ 1 ní ìkẹrin, 1 ní ìkarùn-ún. Àwọn ilé mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ṣófo. Tàmẹ̀dù ní ọmọ 7 péré: 1 ní ìkíní, 1 ní ìkẹta, 2 ní ìkarùn-ún, 3 ní ìkẹfà. Lágbájá ni ó kàn láti ta. Ẹni tí kò mọ ayò yóò ti máa kí i kú oríire.

Ilé karùn-ún Tàmẹ̀dù ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ọmọ 1 ni ó fi síbẹ̀, tí ó sì fi 4 sí ìkẹfà, odù náà yóò sọ ilé márùn-ún rẹ̀ di 3, 2, 3, 2 àti 3. Lágbájá yóò jẹ ọmọ 13 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpapọ̀ rẹ̀ yóò di 27, ayò sì ti parí. Ṣùgbọ́n ọmọ 2 ni Tàmẹ̀dù fi sí ilé náà. Bí odù bá dé ibẹ̀, yóò di 4, ọwọ́ Lágbájá yóò sì ṣófo. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ìṣubú àti ìyè.

Lágbájá mọ èyí, nítorí náà ó di odù rẹ̀ mú. Ohun tí ó ń retí ni pé Tàmẹ̀dù yóò ṣe àṣìṣe. Ó ta ọmọ ilé karùn-ún sínú ìkẹfà. Odù di 17, ó sì lè dé ilé kẹfà Tàmẹ̀dù báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ 3 ni ó wà níbẹ̀, tí yóò di 5. Tàmẹ̀dù kò kánjú. Ó ta ọmọ ilé kìíní sí ìkejì. Lágbájá ta ti ìkẹrin sí ìkarùn-ún. Tàmẹ̀dù ta ti ìkejì sí ìkẹta. Kò fi ọmọ kankan ránṣẹ́ sí ìhà kejì, kò sì fọwọ́ kan àwọn ilé méjì tí ó fi ṣe odi. Lágbájá tún ta ti ìkarùn-ún sí ìkẹfà, odù sì di 18. Tàmẹ̀dù kó ọmọ 2 tí ó wà ní ìkẹta, ó ta wọ́n sí ìkẹrin àti ìkarùn-ún.

Níbí ni ìdààmú bá ẹni tí ó ní odù. Kò ní ọmọ mìíràn tí ó lè ta. Odù tí ó ti ń tọ́jú bọ̀ láti ọjọ́ yìí, tipátipá ni yóò fi tú u; ọmọ 18 sì ti pọ̀ jù, nítorí ó kọjá gbogbo ilé Tàmẹ̀dù, ó sì parí sí ilé kìíní Lágbájá fúnra rẹ̀. Kò jẹ nǹkan kan. Tàmẹ̀dù kò pa odù náà. Ó kàn kà á ni, ó sì ní sùúrù títí ó fi sanra kọjá ìwọ̀n.

Wàyí o, ilé Tàmẹ̀dù ti di 2, 2, 2, 3, 5, 5. Ti Lágbájá jẹ́ 2, 1, 1, 1, 1, ìkẹfà sì ṣófo. Bí Tàmẹ̀dù bá ta ọmọ 5 inú ilé kẹfà rẹ̀, gbogbo ilé Lágbájá tí ọmọ wà ni yóò di 2 tàbí 3, kò sì ní ku ẹyọ kan fún un. Ojú lè wọ̀ ọ́. Àmọ́ òfin ayò kò fẹ́ kí a fi ebi pa ọ̀tá: bí ọmọ bá tán níwájú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, bí a bá ní ọmọ tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, a kò sì gbà kí ènìyàn jẹ gbogbo ọmọ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ogun gidi kò mọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìbàràpá ni Ìjàyè wà, ìlú Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ẹni tí ó kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin lẹ́yìn tí Àtìbà wàjà ní 1859. Nígbà tí Ìbàdàn gbógun tì í ní 1860, ìbọn nìkan kọ́ ni wọ́n fi jà. Wọ́n tún dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọ ìlú láti ìhà Òkè-Ògùn. Àwọn Ẹ̀gbá ran Ìjàyè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyàn mú púpọ̀. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì tú ní oṣù kẹta 1862. Ó jọ pé àwọn tí ó ṣe òfin ayò mọ ohun tí ebi ń ṣe nínú ogun, tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ fún eré.

Nítorí náà, ilé karùn-ún ni Tàmẹ̀dù ta. Ọmọ kan bọ́ sí ìkẹfà tirẹ̀, 4 sì wọ ilé Lágbájá láti ìkíní dé ìkẹrin, wọ́n di 3, 2, 2, 2. Ó jẹ ọmọ 9, ó sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ ní ilé karùn-ún Lágbájá. Tàmẹ̀dù ti di 18, Lágbájá ṣì wà ní 14. Nínú ọmọ 16 tí ó kù lójú ọpọ́n, 15 wà níwájú Tàmẹ̀dù. Àwọn òǹwòran ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ṣùgbọ́n kí Tàmẹ̀dù máa ṣọ́ ẹyọ kan yẹn: ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Lágbájá yóò ta á kí ó tó wọ ilé kìíní rẹ̀, ọmọ 2 ni ó sì wà níbẹ̀. Bí kò bá tètè kó wọn kúrò, wọn yóò di 3, Lágbájá yóò sì jẹ wọ́n.