Pickup Ọrùn Gìtá Fún Orin Jùjú

Ìbéèrè: Mò ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fate, Ìlọrin. Ohùn humbucker tó wà lọ́rùn gìtá mi ki jù, jùjú kì í dún ketekete lórí rẹ̀. Èwo ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń pè ní alágbára. Okùn ń mì púpọ̀ lápá ọrùn, báàsì ibẹ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wáyà tí wọ́n ká sínú pickup bá tún pọ̀, ohùn á dàrú mọ́ra. Èyí tí ìdènà iná (resistance) rẹ̀ wà láàárín kilohm 7 sí 8, tí mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ Alnico 5, ló dáa. Seymour Duncan Jazz ni èmi máa mú fún jùjú, torí orí ohùn kọ̀ọ̀kan máa ń yọ gedegbe.

Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ ohùn tó yọ gedegbe lọ ra single-coil, oníwáyà kíká kan, o. Ní 1955 ni Seth Lover ti iléeṣẹ́ Gibson ṣe humbucker, tó fi wáyà kíká méjì pa híhùn iná. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe ìsìn mọyì ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ yí síkúrù ẹ̀gbẹ́ pickup, kí apá okùn tó nípọn lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún yẹ pot tó wà lábẹ́ kọ́bù fólúùmù wò: 250k máa ń gé ohùn òkè, 500k ló bá humbucker mu.