Bíbupá fún Adìẹ Nítorí Ìgbóná

Ẹni tí ń sin adìẹ yóò ti rí i rí tí èépá líle hù sí ogbe adìẹ rẹ̀, tí ó sì yí ojú rẹ̀ ká. Ìgbóná adìẹ nìyẹn. Bí ó bá mọ sí ara awọ, ọ̀pọ̀ adìẹ a máa yè é. Ṣùgbọ́n bí ojú bá dí, adìẹ kò ní rí oúnjẹ jẹ, bí àrùn náà bá sì wọ ọ̀fun, a lè dí èémí mọ́ ọn nínú.

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn yìí. Ẹ̀fọn a máa gbé e láti ara adìẹ kan dé ara òmíràn. A sì máa gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Pẹnisílínì kò lè wò ó, nítorí bakitéríà ni pẹnisílínì ń pa. Bí bakitéríà bá gba ojú èépá wọlé, tí ibẹ̀ di egbò kíkẹ̀, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún egbò náà, ṣùgbọ́n kì yóò lé ìgbóná lọ. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko: kí àrùn tó dé ni kí a bupá.

Ilé ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ti ìjọba, tí ó wà ní Vom lẹ́bàá Jos láti 1924, a máa ṣe oògùn ìbupá yìí. Ìgò kan a máa tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ adìẹ. Nítorí náà kí àwọn aládùúgbò dáwó rà á pọ̀.

Bí a ti ń ṣe é nìyí:

1. Adìẹ tí ara rẹ̀ le ni kí ẹ bupá fún, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí yé. Ẹ ṣe gbogbo agbo ní ọjọ́ kan náà.

2. Ẹ fi yìnyín gbé oògùn náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oòrùn kàn án. Bí ẹ bá ti pò ó, ẹ lò ó tán láàárín wákàtí 2, kí ẹ sì sun ìyókù níná.

3. Ẹ ri abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì bọ inú oògùn. Ẹ na apá adìẹ, kí ẹ gún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ já. Ẹ yẹra fún ìyẹ́, eegun àti iṣan ẹ̀jẹ̀.

4. Láti ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 10, ẹ mú díẹ̀ nínú wọn wò. Ojú ibi tí ẹ gún gbọ́dọ̀ wú díẹ̀, kí ó sì ní èépá kékeré. Bí ọ̀pọ̀ kò bá ní in, oògùn ti kú, tàbí ọwọ́ kò gún un dáradára, tàbí ara wọn ti mọ àrùn náà tẹ́lẹ̀. Bí wọn kò bá ti ṣe é rí, ẹ wá oògùn tuntun, kí ẹ sì tún un ṣe.

Ìkẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹni tí ó bupá tí kò padà wò ó dà bí ẹni tí ó gbin àgbàdo tí kò lọ wò ó bóyá ó hù.

Ẹ̀yin ará, ìbupá ni a fi ṣẹ́gun ìgbóná ti ènìyàn, tí a fi kéde ní 1980 pé ó ti parẹ́ ní gbogbo ayé. Ti adìẹ ṣì wà láàárín wa. Ẹ ṣe ìtọ́jú ohun ọ̀sìn tí Ọlọ́run fi lé yín lọ́wọ́.