Ẹ Jẹ́ Kí A Jókòó Ka Wákàtí Wa: Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà àti Ìṣirò Láti Ilé

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ọ̀pọ̀ ilé ní Prince George's County yìí: báwo ni àgbàlagbà tí ó ní iṣẹ́, tí ó ní ọmọ, tí ó sì ní ẹbí tí ń retí rẹ̀ nílé, ṣe lè kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àti ìṣirò láti ilé, tí ilé kò fi ní dàrú, tí ara kò sì ní wó?

Ibi kíkà wa ni Lúùkù 14:28–30. Ẹ kọ́kọ́ ka ibẹ̀. Olúwa wa ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́. Kí ó tó gbé òkúta kan lé èkejì, ó ní láti jókòó, kí ó ṣírò. Ìjókòó yẹn ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

1. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun

Àwọn kan rò pé ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ láti ilé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020 nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Adelphi, nínú county wa níbí, ni olú ilé iṣẹ́ University of Maryland Global Campus wà. Ọdún 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Maryland fún àwọn àgbàlagbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1949 wọ́n rán àwọn olùkọ́ lọ sí Yúróòpù láti kọ́ àwọn sójà Amẹ́ríkà tí ó wà níbẹ̀. University of Maryland University College ni a mọ̀ ọ́n sí títí di ọdún 2019 tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Prince George's Community College tí ó wà ní Largo bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, òun náà sì ní àwọn kọ́ọ̀sì tí ènìyàn lè ṣe láti ilé.

Ní ilé wa ní Nàìjíríà, ìjọba dá Yunifásítì ẹ̀kọ́ láti òkèèrè sílẹ̀ ní ọdún 1983, ìjọba ológun dá a dúró ní 1984, wọ́n sì jí i dìde ní 2002. Ṣùgbọ́n kí èyí tó wà rárá ni àwọn bàbá wa ti ń fi kọrẹsipọ́ńdẹ́ǹsì kàwé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Láti ilé ni ó ti kà á, òwò ni ó sì ń ṣe nígbà náà. Ní ọdún yẹn kan náà ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ òfin. Ta ni ó dúró ti ilé? Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀ ni, tí wọ́n ti ṣègbéyàwó láti 1937. Màmá ń ṣòwò, wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké, títí ọkọ wọn fi di lọ́yà ní 1946. Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n kọ sí ara ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ilé kan lódindi ni ó kàwé náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

2. Ẹ ka wákàtí kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ìlànà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ni pé kírẹ́díìtì kan jẹ́ wákàtí 1 nínú kíláàsì àti, ó kéré tán, wákàtí 2 ìwé kíkà lẹ́yìn rẹ̀, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Kọ́ọ̀sì tí ó ní kírẹ́díìtì 3 yóò gba wákàtí 9 lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 15, ó di wákàtí 135. Pé a kò lọ jókòó sí kíláàsì kò dín in kù, ilé ni a ti máa ná gbogbo rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì tí a ń ṣe láti ilé kì í gbà ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n wákàtí 135 yẹn náà ni. Ẹ pín in sí ọ̀nà 8, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 17 lọ́sẹ̀ kan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀sẹ̀ nọ́ọ̀sì kan tàbí olùtọ́jú arúgbó kan láàárín wa. Wákàtí 168 ni Ọlọ́run fún olúkúlùkù lọ́sẹ̀, olówó kò ní ju tálákà lọ.

Oorun wákàtí 7 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan: 49.
Iṣẹ́ oníwákàtí 12, ẹ̀ẹ̀mẹta: 36.
Wíwakọ̀ lọ àti bọ̀: 6.
Oúnjẹ, ọmọ, aṣọ fífọ̀ àti ọjà, wákàtí 5 lójúmọ́: 35.
Ìsìn, ẹ̀kọ́ Bíbélì àti ìpàdé ẹgbẹ́: 8.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 134. Ó ku wákàtí 34. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo lè mú kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì níbẹ̀, kí ó sì tún mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní iṣẹ́ kejì ńkọ́, tí ó tún ń ṣe oníwákàtí 12 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀? Ẹ yọ 24 kúrò nínú 34. Ó ku 10 péré, a kò sì tí ì ka ọ̀nà ibi iṣẹ́ kejì náà. Kọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ 15 lè wọ inú wákàtí 10, tipátipá. Kọ́ọ̀sì méjì kò lè wọ̀ ọ́. Kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ 8 kò lè wọ̀ ọ́ pẹ̀lú, nítorí wákàtí 7 ni yóò kù tí a kò ní. Níbo ni wákàtí 7 yẹn yóò ti wá? Inú oorun ni, wákàtí kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí èyí. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán. Ẹni tí oorun ń yọ lẹ́nu lè ka ìwọ̀n oògùn ṣì, ó sì lè tòògbé lórí Beltway ní ago méje àárọ̀ tí ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí a bá sùn ni ọpọlọ máa ń to ohun tí a kọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó ń gé oorun rẹ̀ kí ó lè kàwé ń bu omi sínú apẹ̀rẹ̀.

3. Bí a ṣe ń jẹ oúnjẹ ìṣirò

Ní ọdún 1885, ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí àti bí ó ṣe ń gbàgbé. Ó rí i pé ohun tí a pín kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ ń dúró lọ́kàn ju ohun tí a kó jọ kọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìṣirò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá fi wákàtí 9 jókòó ti ìṣirò ní Sátidé yóò ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kí Sátidé mìíràn tó dé. Wákàtí kan ààbọ̀ lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́fà, wákàtí 9 náà ni, ọjọ́ Ìsinmi sì ṣẹ́ kù fún Olúwa.

Ẹ má bẹ̀rù ìṣirò. Ẹni tí ó bá lè pe 45 ní èdè Yorùbá ti mọ ìṣirò. Márùndínláàádọ́ta ni: 5 tí a yọ nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì ni 10 tí a yọ nínú 60, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Ìsọdipúpọ̀ kan àti ìyọkúrò méjì ni ìyá àgbà máa ń ṣe lọ́jà láìmú pẹ́ńsùlù. Áljẹ́brà náà kò jìnnà sí wa. Bí dókítà bá ní kí omi mìlílítà 1,000 wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí 8, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé 125 ni yóò máa wọlé ní wákàtí kan. Ó ti fi ohun tí ó mọ̀ wá ohun tí kò mọ̀. Ibẹ̀ ni áljẹ́brà ti bẹ̀rẹ̀.

Kíkọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ní ìwà tirẹ̀. Ẹ ronú nípa ọmọ tí ẹ ń kọ́ ní àmàlà rírò: gbé omi kaná, bí ó bá hó, da èlùbọ́ sí i, rò ó títí yóò fi dán. Ọmọ tí ó gbọ́n yóò mọ̀ pé omi gbọ́dọ̀ hó, bí ẹ tilẹ̀ gbàgbé láti sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀. Bí ẹ bá yọ “bí ó bá hó” kúrò, inú omi tútù ni yóò da èlùbọ́ sí. Ohun tí a sọ ni ó ń ṣe, kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn wa. Wíwá ibi tí a ti gbàgbé “bí ó bá hó” lè gba wákàtí méjì.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ méjèèjì kò gba irú àkókò kan náà. Ìṣirò ṣeé bù jẹ díẹ̀díẹ̀: ìbéèrè mẹ́ta kí àwọn ọmọ tó jí, mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń fẹ́ ìjókòó gígùn tí ẹnikẹ́ni kò ní dí lọ́wọ́, ọjọ́ tí a kò lọ síbi iṣẹ́ ni kí ẹ fi í sí. Ẹni tí ó ti pẹ́ kúrò nílé ìwé, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó má ṣe mú àwọn méjèèjì ní sẹ̀mẹ́sítà kan náà. Kí ó kọ́kọ́ fi oṣù kan tàbí méjì ṣe àtúnkà ìṣirò lórí Khan Academy, níbi tí wọn kì í gba owó, kí ó tó san owó kọ́ọ̀sì.

4. Ilé ni ó ń kàwé

A mọ ìyá kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, tí ó mú kọ́ọ̀sì méjì pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó sọ fún un pé, “Mọ́mì, ẹ ti bi mí ní ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀mẹta.” Alẹ́ ọjọ́ náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó. Wọ́n fi ìṣirò sílẹ̀ di ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n sì di kọ̀ǹpútà mú. Ọkọ gba oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó parí kọ́ọ̀sì náà, ó sì parí ìṣirò lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ ni, kò bàjẹ́.

Ẹ wo ohun mẹ́rin tí ilé lè ṣe:

Èkíní, kí a lẹ ọjọ́ ìdánwò mọ́ ara fìríìjì, kí gbogbo ilé máa rí i. Kí a se ọbẹ̀ sí fìrísà ṣáájú ọ̀sẹ̀ náà.

Èkejì, kí a jẹ́ kí ọmọ tí ó mọ áljẹ́brà kọ́ ìyá tàbí bàbá rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ọmọ máa fi ọ̀wọ̀ kọ́ wọn, kí òbí má sì fi ìbínú bo ohun tí kò yé e.

Ẹ̀kẹta, kí a yan òde tí a ó lọ. Kì í ṣe gbogbo aṣọ ẹbí ni ó di dandan. A lè fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, kí a sì tẹ olóde láago. Nínú ìjọ pẹ̀lú, ẹni tí ó bá sọ fún olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ dín iṣẹ́ kù fún oṣù mẹ́rin kò fà sẹ́yìn. Jẹ́tírò gba Mósè níyànjú láti pín ẹrù nínú Ẹ́kísódù 18.

Ẹ̀kẹrin, bí ilé bá ń pariwo, àwọn ilé ìkàwé county wà ní New Carrollton, Bowie, Oxon Hill àti àwọn ìlú mìíràn. Ìjókòó ibẹ̀ àti kọ̀ǹpútà ibẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

5. Ọ̀rọ̀ owó àti ọjọ́

Ẹ béèrè níbi iṣẹ́ yín bóyá wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2025, òfin gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti san tó $5,250 fún òṣìṣẹ́ lọ́dún láìsí owó orí lórí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ìdajì ẹ̀kọ́ kíkún ó kéré tán, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ kírẹ́díìtì 6. Ẹ má ṣe tìtorí owó yíyá mú kọ́ọ̀sì méjì tí wákàtí yín kò gbà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún yíyọ orúkọ kúrò sílẹ̀. Ẹni tí ó yọ orúkọ rẹ̀ ní àkókò kò gba òdo, ẹni tí ó kàn pòórá ni ó ń gbà á.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Lẹ́yìn tí a yọ oorun, iṣẹ́, ilé àti ìsìn kúrò nínú 168, wákàtí mélòó ni ó kù fún olúkúlùkù wa?
2. Iṣẹ́ ilé wo ni ẹlòmíràn lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kàwé?
3. Òde wo ni a lè fi sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tí ń bọ̀?
4. Kí ni àmì tí a ó fi mọ̀ pé ẹrù ti pọ̀ jù, ta ni yóò sì kọ́kọ́ sọ ọ́?

Kí Olúwa fún wa ní òye àti ara líle. Àmín.