Má Tilẹ̀kùn Mọ́ra Rẹ

Ọmọ mi, jókòó tì mí. Mo rí oògùn tí o fi bébà wé sísàlẹ̀ báàgì ilé-ìwé rẹ. Mi ò bínú. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èlùbọ́ ni mò ń tà l'Ọ́jà'ba nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Ọdún 3 ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀, kí àwọn oníbàárà má baà máa ní ìyá elélùbọ́ ń ṣàìsàn. Egbò kékeré kan lẹ́sẹ̀ ló tú àṣírí mi. Ìka ẹsẹ̀ kan ló bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn UCH ní 1957, àrùn àgbà la ka irú àtọ̀gbẹ tó ń ṣe ìwọ náà yìí sí. Lónìí, ó ń mú ọ̀dọ́ kárí ayé. Metformin tí wọ́n fún ọ yẹn, ọmọ ọdún 10 pàápàá ń lò ó.

Jẹ́ kí n fi ọjà wa ṣàlàyé. Ṣúgà inú oúnjẹ ni ẹrù. Ínsúlínì ni alááru tó ń rù ú láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ilé-dé-ilé nínú ara. Nínú irú kìíní, alááru ò sí mọ́. Nínú irú kejì, tìrẹ yìí, alááru wà, ó ń kanlẹ̀kùn, àwọn onílé ni ò ṣí i. Ẹrù wá kún títì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ojú, kíndìnrín, ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bà wọ́n jẹ́ láìpariwo. Àtọ̀gbẹ yìí lè ti inú ìdílé wá, sísanra ń dá kún un, ìgbà ìbàlágà náà ń dá kún un. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀kánjúwà ló fà á.

Ìrìn wà lára ohun tó ń ṣílẹ̀kùn. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó ń gba ṣúgà wọlé. Mi ò ní kí o sá fún àmàlà, èmi tí mò ń tèlùbọ́! Dín in kù, kí gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja pọ̀ sí i. Mínírà ni kí o kọ̀. Omi tútù kì í tini lójú lóde ìnáwó. Ohun tí o bá ń jẹ ni gbogbo agboolé wa ní Bẹyẹrúnká yóò máa jẹ. A kì í dáná ọ̀tọ̀ fún ọmọ bí ẹlẹ́wọ̀n. Bí alágbo kan ní Bẹẹrẹ bá ní ọjọ́ 7 lòun máa fi wò ó tán, kí i pé ó ṣeun, kí o sì lo oògùn dókítà.

Èyí tó kàn ló ṣòro jù: sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kan àti olùkọ́ kan. Bó bá di ọjọ́ tí wọ́n ní kí o máa gún ínsúlínì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ lè já sílẹ̀ kọjá 70 mg/dL. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ọ́. Ẹni tó mọ̀ á tètè fún ọ ní ṣúgà lá. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n ti ṣe ọmọ yìí.

Ara rẹ ti tilẹ̀kùn mọ́ alááru. Ìwọ má tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn.

Lọ́la, lẹ́yìn àsùbáà, èmi tí ìka ẹsẹ̀ mi ò pé yìí yóò bá ọ gun òkè Mápó. Bó bá rẹ̀ mí, dúró dè mí. Mú omi dání.