Èèpo Ẹ̀gẹ́ fún Ẹlẹ́dẹ̀

Ìbéèrè: Mo ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Ìkòsí, oúnjẹ wọn sì ti wọ́n kọjá agbára mi. Àwọn onígàárì fẹ́ máa kó èèpo ẹ̀gẹ́ fún mi, àwọn ológì náà ní èérí. Ṣé ó dára?

Ìdáhùn: Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má fún wọn ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Májèlé sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń pọ̀ lára èèpo ju ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ILRI (àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn), tó wà nínú ọgbà IITA (àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn) n'Íbàdàn, ti fi ọ̀nà àbáyọ hàn wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bó o náà ni kí ẹ rin ín nínú ẹ̀rọ gàárì. Ẹ dì í sápò, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá sá a sóòrùn. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀: tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ra, kò tíì gbẹ. Bíi tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù 1.

Èérí kì í pẹ́ kan. Ọjọ́ tí ẹ gbà á ni kí wọ́n jẹ ẹ́. Èèpo nìkan kò lè mú ẹran dàgbà, ẹ fi PKC (èérí ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀) tàbí kúlíkúlí tí kò ní ata kún un.

Èèpo tàbí èérí tó bá ti bu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.