Ọ̀RỌ̀ ÀKỌ́KỌ́ LẸ́NU ỌMỌ: IṢẸ́ ÌYÁ ÀTI ÌYÁ ÀGBÀ

Bíbélì Kíkà: Deutaronomi 6:4-9, 2 Timoteu 1:3-5

Ète Ẹ̀kọ́: Kí á lè mọ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, àti ipa tí àwa obìnrin gbọ́dọ̀ kó nínú rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢAÁJÚ

Ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí dá lórí ohun kan tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé gbogbo wa, tí a kì í sábà dúró wò: bí ọmọ tí kò lè sọ nǹkankan ṣe ń di ẹni tí ń rojọ́.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe ti ara mi. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ ọ̀dọ́, òfin wà ní ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá nínú ọgbà. Èmi náà mú pàṣán lé òfin yìí lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní ìwé kejì lọ́dọ̀ mi tí kì í dáhùn ìbéèrè. Mo kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn rẹ̀ pé orí rẹ̀ kò jí. Ní ọjọ́ kan, ní àkókò ìsinmi, mo ń kọjá lẹ́yìn igi máńgòrò, mo gbọ́ ohùn ọmọ kan tí ń pa àlọ́ ìjàpá fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi orin sí i, ó ń yí ohùn padà bí ti ìjàpá àti ti ajá, gbogbo wọn ń gbè é. Mo yọjú, òun ni. Bí ó ti rí mi, ó pa ẹnu dé. Ẹnu tí ó pa dé yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Orí ọmọ náà jí dáadáa. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

1. ỌMỌ TI Ń GBỌ́ KÍ Ó TÓ DÁYÉ

Nígbà tí oyún bá ti tó bí oṣù mẹ́fà sí méje, etí ọmọ inú ti ń gbọ́ ohùn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1980, fi hàn pé ọmọ tuntun mọ ohùn ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn. Nítorí náà, ìyá àgbà tí ń wẹ ọmọ, tí ó sì ń kì í pé Àdùkẹ́ tàbí Àjàní, kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Báyìí ni ó ṣe sábà máa ń rí:
(a) Ní bí oṣù mẹ́fà, ọmọ ń wí "ba-ba-ba", "ma-ma-ma". Láti oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni ó ti ń mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀, bí orúkọ oúnjẹ tàbí ẹ̀yà ara, bí kò tilẹ̀ tíì lè pè é.
(b) Láàrin oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, ó ń na ìka sí ohun tí ó fẹ́.
(d) Ní bí ọmọ ọdún kan, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde.
(e) Ní bí ọdún kan àbọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ti ní bí àádọ́ta ọ̀rọ̀.
(ẹ) Ní bí ọdún méjì, ó ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "Màmá lọ", "omi dà".

Kí á má fi ọmọ wé ọmọ o. Òmíràn yá, òmíràn pẹ́ díẹ̀.

2. OHÙN ORÍ Ọ̀RỌ̀

Èdè wa ní iṣẹ́ kan tí ó fi fún ọmọ, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi fún un. Ọkọ ni ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí Òṣogbo, ọ̀kọ̀ sì ni ohun ìjà. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fetí sí ọmọ tí ó ń pe "rárá" ní "lálá": lẹ́tà rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ sábà máa ń gún. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ ní àmì ohùn. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ, nígbà tí a pọ̀n ọ́n lọ sí ọjà, tí ó ń gbọ́ bí a ti ń nájà.

3. Ọ̀RỌ̀ ÀTI ÒYE JỌ Ń DÀGBÀ NI

Ọmọ rí ewúrẹ́, ó ní "ajá". Ẹ má fi í ṣe ẹ̀sín. Ó ti rò ó: ajá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní irun, ó ní ìrù, eléyìí náà ní i. Ìrònú gidi nìyẹn. Ohun tí ó yẹ ni kí á dá a lóhùn pé, "Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ ń jẹ ewé. Ajá ń gbó." Ní ẹsẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ti di mẹ́ta.

Ọ̀mọ̀wé ará Switzerland kan, Jean Piaget (1896-1980), wo àwọn ọmọ tirẹ̀ fínnífínní. Ó rí i pé bí a bá fi aṣọ bo ohun ìṣeré mọ́lẹ̀ lójú ọmọ oṣù mẹ́fà, kò ní wá a. Ṣùgbọ́n ní bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, yóò ṣí aṣọ náà. Ó ti mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi ṣíbí dán an wò nílé. Orí òye báyìí ni ọ̀rọ̀ ń dúró lé, nítorí ọ̀rọ̀ ni a fi ń pe ohun tí kò sí níwájú wa.

4. ÈNÌYÀN NI Ó Ń KỌ́ ỌMỌ, KÌ Í ṢE Ẹ̀RỌ

Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn kan bá ẹni tí ń sọ èdè Ṣáínà ṣeré lójúkojú. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà láti inú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tí ó bá ènìyàn ṣeré dá ìró èdè náà mọ̀. Àwọn ti tẹlifíṣọ̀n kò kọ́ ohunkóhun. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀. Fóònù ń mú ọmọ dákẹ́ kí á lè ráyè da ata sí epo. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yẹn gan-an ni ó yẹ kó bà wá lẹ́rù. Ẹ gbé ọmọ sí tòsí, kí ẹ sì máa sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un: "Mo ń fọ iṣu. Iṣu yìí tóbi. Omi ti hó."

5. YORÙBÁ KÒ DÍ ÒYE LỌ́WỌ́

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn yòókù. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti ìwé kẹrin. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Mo kọ́ nípa ètò yìí nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Mo gba ìwé ẹ̀rí, síbẹ̀ mo mú pàṣán.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e. Ẹ rí i pé a kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ de ìjọba. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. N kò sọ pé kí ọmọ má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ lè gbọ́ èdè méjì láìsí ewu. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìyá má fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá a lójú bá ọmọ sọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí, kí ó wá kó Yorùbá tí ó kún lẹ́nu rẹ̀ pamọ́.

6. NÍGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ Á FURA

Bí ariwo kò bá ta ọmọ jí. Bí kò bá wí "ba-ba" títí ó fi pé ọdún kan. Bí kò bá so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ nígbà tí ó ti kọjá ọdún méjì. Tàbí bí ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sọ bá dédé dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ibà pọ́njú tí ó le lára ọmọ tuntun lè ba etí jẹ́. Kí a gbàdúrà, kí a sì lọ. Ẹ má pe ọmọ ní olódo kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó gbọ́ yín.

ÌPARÍ

Nínú Bíbélì kíkà wa, ìgbàgbọ́ Timoteu ti kọ́kọ́ wà nínú Loisi ìyá àgbà rẹ̀ àti Eunike ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: nílé, lójú ọ̀nà, nígbà ìdùbúlẹ̀ àti nígbà ìdìde, gẹ́gẹ́ bí Deutaronomi ti pa á láṣẹ. Ọmọ tí kò ní ọ̀rọ̀, kí ni yóò fi gbàdúrà?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Ta ni ó ń bá ọmọ tí ó kéré jù nínú ilé rẹ sọ̀rọ̀ jù lọ láti òwúrọ̀ di alẹ́?
2. Àlọ́ mélòó ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ mọ̀?
3. Ǹjẹ́ a ti pe ọmọ kan ní olódo rí, tí a wá rí i pé a ṣì í?

IṢẸ́ ÀMÚRELÉ: Ní alẹ́ mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀, ẹ pa fóònù, kí ẹ sì pa àlọ́ kan fún àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àwọn náà pa tiwọn, kí ẹ sì gbè é.

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ tí ó fún wa ní ẹnu àti etí, dárí jì wá níbi tí a ti pa ẹnu ọmọ dé. Fi sùúrù sí wa lọ́kàn, kí a lè máa dá wọn lóhùn. Àmín.