Èébì Aláwọ̀ Ewé: Nígbà Tí Ìfun Ọmọ Tuntun Bá Lọ́

Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ń mu ọyàn dáadáa. Lójijì, ó bì. Èébì náà kì í ṣe wàrà funfun bíi ti tẹ́lẹ̀, ó rí bí omi ewé tí a gún. Ara rẹ̀ kò gbóná, ikùn rẹ̀ kò le. Àwọn ará ilé ní inú ló ń run ún, kí wọ́n fún un ní gripe water. Wọn ò mọ̀ pé ìfun ọmọ náà lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, ìfun máa ń gùn débi pé ikùn kò gbà á mọ́. Á yọ sínú okùn ìwọ́, á máa dàgbà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10, á padà wọlé. Nínú lílọ àti bíbọ̀ yìí, á yí dígírì 270, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òbírí. Lẹ́yìn náà, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ikùn láti òkè lápá òsì títí dé ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Nínú àwọn ọmọ kan, ìyípo yìí kì í parí. Malrotation ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ wo aṣọ tí a sá sórí okùn: bí pẹ́ẹ̀gì bá mú un létí méjèèjì, atẹ́gùn ò lè yí i. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni pẹ́ẹ̀gì ti mú un, á máa yí bíríbírí. Bẹ́ẹ̀ ni ìfun tí ìdí rẹ̀ kò fẹ̀ ṣe lè lọ́ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Oúnjẹ ò ní kọjá, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní kọjá. Ti ẹ̀jẹ̀ ló léwu jù.

Kí ló dé tí èébì fi rí bí ewé? Òróòro ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ó sì ń dà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Bí ọ̀nà bá dí nísàlẹ̀ ibẹ̀, á gba ẹnu padà jáde.

Àwọn dókítà máa ń fún ọmọ ní oògùn tó ń hàn nínú X-ray, kí wọ́n lè rí ibi tí ìfun gbà. Bó bá ti lọ́, iṣẹ́ abẹ kíákíá ló kù. William Ladd, oníṣẹ́ abẹ ní Boston, ló ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ náà ní 1936: wọ́n á tú ìfun tó lọ́, wọ́n á gé awọ tó fún un, wọ́n á sì mú kí ìdí rẹ̀ fẹ̀. Wọn kì í dá a padà sí ipò tó yẹ kó wà látilẹ̀. Ìfun kékeré á wà lọ́tùn-ún, ìfun ńlá á wà lósì, ọmọ á sì máa jẹun lọ.

Kì í ṣe gbogbo èébì aláwọ̀ ewé ló jẹ́ ìfun tó lọ́, àmọ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n ti lè mọ̀ ọ́n. Ẹ má dúró dìgbà tí ikùn bá wú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìgbẹ́, torí ó ti ń pẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì sọ pé ó ṣáà yàgbẹ́ láàárọ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú aṣọ tó bì sí dání, kí dókítà lè fojú ara rẹ̀ rí àwọ̀ náà.